Iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe kí Windows tàbí Linux tó jí

Ní ọ́fíìsì kan l'Adó-Èkìtì, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbà á, sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo ọ́fíìsì, sì tún bẹ̀rẹ̀. Fáànù rẹ̀ á kọ́kọ́ ké kíkankíkan, ojú mọ́nítọ̀ rẹ̀ á dúdú díẹ̀, ìlà funfun kan á wá jáde pé kí ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ètò ẹ̀rọ tẹ bọ́tìnnì kan. Lára sáfà Dell, F2 ni, ti HPE, F9, ti Lenovo, F1. Ìlà yẹn kì í pẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í kà á. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu bí àwọn dísìkì ṣe máa para pọ̀, àti èyí tí sáfà máa gbéra láti orí rẹ̀.

Ètò náà kò sí lórí dísìkì kankan. Wọ́n kọ ọ́ mọ́ ara sáfà fúnra rẹ̀ ni, nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́ bí gbogbo dísìkì bá tilẹ̀ ti kú. BIOS ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́, UEFI ló gbòde báyìí. Inú rẹ̀ lèèyàn ti ń dé ọ̀dọ̀ káàdì RAID, tó ń kó dísìkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ, tí Windows tàbí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, á fi máa rò pé ẹyọ kan ṣoṣo ni. Lọ́dún 1988 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Yunifásítì California, Berkeley, gbé àlàyé rẹ̀ jáde: dípò dísìkì ńlá olówó gọbọi kan, kí a kó àwọn tówó wọn mọ níwọ̀n jọ.

RAID 1 ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì méjì. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 4TB (tẹrabáìtì, ìwọ̀n àyè dísìkì), 4TB náà ni àyè tó wà fún lílò. Ó ń gbani lọ́wọ́ ikú dísìkì, kò lè gbani lọ́wọ́ àṣìṣe: fáìlì tí èèyàn bá pa rẹ́ ti rẹ́ lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

RAID 5 ló gba àròjinlẹ̀. Ká ní ìyá ọlọ́jà kan ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ní ìwé mẹ́ta. Ó kọ 7 sínú àkọ́kọ́, 5 sínú èkejì, àròpọ̀ wọn, 12, sínú ẹ̀kẹta. Bí òjò bá ba ìwé kejì jẹ́, kó yọ 7 kúrò nínú 12, 5 ti padà dé nìyẹn. Ìṣirò tí káàdì ń ṣe kì í ṣe ìròpọ̀ gan-an, ó sì ń pín àbájáde rẹ̀ káàkiri gbogbo dísìkì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Dísìkì 4TB mẹ́ta á fúnni ní 8TB, ẹyọ kan sì lè kú láìsí àdánù. Bí ẹ̀kejì bá tẹ̀ lé e kí àtúnkọ dátà sórí dísìkì tuntun tó parí, gbogbo rẹ̀ lọ. RAID 6 lè fara da ikú dísìkì méjì.

Ní ti ibi tí sáfà ti ń gbéra, ó dára kí SSD (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) kékeré méjì nínú RAID 1 gbé Windows tàbí Linux, kí iṣẹ́ ọ́fíìsì wà lórí àkójọ mìíràn. Ẹ má ṣe yí UEFI padà sí Legacy, ìyẹn ọ̀nà BIOS àtijọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi Windows sí i tán. Sáfà ò ní rí ohun tó máa gbé dìde mọ́, bẹ́ẹ̀ dísìkì ò ṣe nǹkan kan.

Bí iná òfefèé bá ń tàn lára dísìkì kan, tí ètò sì kọ "Degraded" (àkójọ ti pàdánù dísìkì), ẹ kọ́kọ́ lo "Blink" tàbí "Locate", tó ń mú kí iná dísìkì tí ẹ yàn máa ṣẹ́jú, kí ẹ tó fa ohunkóhun yọ. Èyí tó yè ni àìfarabalẹ̀ sábà máa ń mú kéèyàn fà yọ.

Bí káàdì RAID fúnra rẹ̀ bá jóná, tí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀, káàdì tuntun á pe àwọn dísìkì náà ní "Foreign", ìyẹn àjèjì. Àyà kì í ṣàìjá, ṣùgbọ́n orí dísìkì ni ìlànà ìkójọ náà wà, kò bá káàdì lọ. "Import", tó ń gba ìlànà náà wọlé, ni kí ẹ mú. "Clear" á pa ìlànà náà rẹ́, "Initialize" á pa dátà.