Kọ́ìnì tí ilẹ̀ ti jẹ lára, ẹ́rọ̀ kọ́ nìyẹn o

Bírìkìlà kan tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Òkè-Baálẹ̀ níbí l'Óṣogbo rí kọ́ìnì kan nínú ilẹ̀, ó ti dúdú, ó ti rí jágajàga, ló bá ya fọ́tò ẹ̀ sí mi lórí Wásáàpù pé ẹ̀gbọ́n, ẹ wo eléyìí, wọ́n ní mílíọ̀nù ni wọ́n ń rà á. Náírà kan ti 1991 ni, èyí tí Herbert Macaulay wà lára ẹ̀. Mo ní àbúrò, ó ti dógùn-ún ni. Inú bí i.

Mi ò dá a lẹ́bi ṣá, fídíò tó ń sọ pé kọ́ìnì tó bá ti rí bákan, ẹ́rọ̀ ni, ìyẹn àṣìṣe tó ti ibi tí wọ́n ti ṣe é wá, àti pé ó ti di owó ńlá, ti pọ̀ jù lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe kọ́ìnì ná. Wọ́n á gé irin pẹlẹbẹ róbótó tí ò tíì ní nǹkan kan lára, wọ́n á gbé e sáàárín òǹtẹ̀ onírin méjì, òrùka irin á yí i ká kó má bàa fẹ̀ jù, ẹ̀rọ á wá tẹ̀ ẹ́ gbàmù. Ibẹ̀ yẹn ni ẹ́rọ̀ gidi ti ń ṣẹlẹ̀. Ohun tójú ẹ̀ bá wá rí lẹ́yìn tó jáde, yálà mọ́tò ló gun orí ẹ̀ àbí iná ló jó o àbí ó sùn sínú ẹrẹ̀ fún ogún ọdún, ìyà ayé nìyẹn.

Torí náà ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi ni pé, báwo lẹ̀rọ ṣe lè ṣe irú èyí? Ẹ mú kọ́ìnì tó dà bíi pé wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ bá gé irin kan mọ́ ojú ihò tí wọ́n ti gé òmíì kúrò. Àmọ́ ẹ yí i sí òdìkejì, ẹ wo etí tó kọjú sí ibi tó gé yẹn gangan: lára ojúlówó, etí ibẹ̀ sábà máa ń ṣe fẹ́lẹ́, kò ní yọ dáadáa. Ẹni tó jókòó sílé tó ń fi fáìlì rẹ́ kọ́ìnì ò ní rántí ìyẹn. Bákan náà, irin kì í dédé pòórá, ibi tí nǹkan bá ti ha kọ́ìnì, ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́ yẹn á wú sókè díẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n bá sì lù tẹ́ pẹrẹsẹ, á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; ẹ̀yìn tó jáde nínú ẹ̀rọ ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Náírà 1991 yẹn, irin ni inú ẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kàn fi bò ó lára, tí èyí tí wọ́n fi bò ó bá ti bó, omi ti débẹ̀ nìyẹn. 1 kọ́bọ̀ ti 1973 ní tiẹ̀, bàbà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ilẹ̀ máa ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé tàbí dúdú. Àwọ̀ lásán ò jẹ́ ẹ́rọ̀.

Ìyá àgbà kan l'Ọ́jà Ọba náà fi kọ́bọ̀ oníhò, ìyẹn pẹ́nì ayé àtijọ́, hàn mí rí. Mo rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo ẹ̀ nìyẹn látayé òyìnbó, kódà ti 1959 tó jẹ́ ti Nàìjíríà ṣì nihò. Sísì (pẹ́nì mẹ́fà) tó bá nihò ni kẹ́ ẹ fura sí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lu ú kí wọ́n fi so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn.

Ẹ́rọ̀ tó lówó lórí wà o. Amẹ́ríkà fi irin tí wọ́n fi síǹkì bò ṣe sẹ́ǹtì ní 1943 nítorí ogun, wọ́n wá ṣèèṣì tẹ àwọn mélòó kan sórí bàbà, ìyẹn ni wọ́n ń wá kiri. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ náà ń fi bàbà kun onírin, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì ń tú wọn fó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ kọ́ìnì bíi pé idẹ Ọ̀ṣun ni, ẹ máa ba ìwọ̀nba tó níye lórí jẹ́ ni.

Bírìkìlà yẹn tú mágínẹ́ẹ̀tì jáde látinú sípíkà tó ti bàjẹ́, kọ́ìnì ẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ó wò ó títí, ó kó o sápò, ó ní ti òun yàtọ̀.