Wíwọn wíwú ilẹ̀ orí òkè ayọnáyèéfín pẹ̀lú rédà sátẹ́láìtì

InSAR ni orúkọ ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń fi rédà inú sátẹ́láìtì dá láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ orí òkè ayọnáyèéfín ń wú tàbí ó ń rì. Bí òkúta yíyọ́ bá ń kó jọ lábẹ́ òkè, ilẹ̀ á ga díẹ̀. Bó bá ṣàn lọ, á rọlẹ̀. Ìyàtọ̀ náà lè má ju ìbú ìka méjì lọ.

Ó dà bí ẹni ń fi ìṣísẹ̀ wọn ilẹ̀ ilé; gígùn ìgbì kan ni ìṣísẹ̀ kan. Sátẹ́láìtì á ju ìgbì rédà sílẹ̀, ìgbì á kan ilẹ̀, á sì padà. Bó bá tún gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ilẹ̀ ti ga sí i, ọ̀nà ti kúrú nìyẹn, ìṣísẹ̀ tó kẹ́yìn kò sì ní pé. Ìgbì rédà sátẹ́láìtì Sentinel-1, tí àjọ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù kọ́kọ́ gbé sókè ní 2014, gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.6. Àlọ àti àbọ̀ ni ìgbì ń rìn, nítorí náà òrùka àwọ̀ kan lórí àwòrán tí wọ́n fi ìyàtọ̀ ìgbà méjèèjì yà dúró fún sẹ̀ǹtímítà 2.8 tí ilẹ̀ fi yẹ̀. Ẹni tó bá ka òrùka mẹ́ta láti etí dé àárín mọ̀ pé ilẹ̀ ti yẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8.4, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi kìlómítà 700 ni sátẹ́láìtì náà wà sókè o.

Òrùka máa ń tanni jẹ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń fa ìgbì sẹ́yìn, á wá dà bí ẹni pé ọ̀nà gùn sí i. Ní 1995, ìwádìí kan fi òrùka orí òkè Etna ní Ítálì hàn gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tó rì. Àwọn mìíràn padà wá fi hàn pé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Igbó dídí náà ń da àwòrán rú, torí ewé kì í dúró sójú kan. Rédà sátẹ́láìtì ALOS ti Jàpáàn, tó ṣiṣẹ́ láti 2006 sí 2011, tí ìgbì rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 23.6, máa ń gba àárín ewé kọjá dáadáa jù.

Ní Kẹ́ńyà, onímọ̀ nípa òkè ayọnáyèéfín, Juliet Biggs, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì òkè mẹ́rin tí wọ́n fi InSAR wọ̀n jáde ní 2009. Suswa àti Menengai rì ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5 láàárín 1997 sí 2000. Longonot ga tó sẹ̀ǹtímítà 9 láàárín 2004 sí 2006. Paka ló yani lẹ́nu: ó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21 láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ní 2006 sí 2007. Kò sì sí ọ̀kan tó bú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.