Bí ìbò ṣe ń lọ ní Róòmù àtijọ́: olówó ló ń kọ́kọ́ dì í

Wọ́n máa ń sọ pé ní Róòmù, kí àwọn Késárì tó gbàjọba, gbogbo ọmọ ìlú ló lè dìbò. Òótọ́ ni, ọkùnrin nìkan ṣá o, obìnrin ò sí ńbẹ̀, ẹrú náà ò sí ńbẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìbò yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Tí wọ́n bá fẹ́ yan kọ́ńsúlù, ìyẹn àwọn olórí méjì tó ń ṣèjọba fún ọdún kan péré, pápá kan lẹ́yìn odi ìlú tó ń jẹ́ Campus Martius ni wọ́n ti ń pàdé. Wọn ò kí ń ka orí èèyàn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ti ka aráàlú tẹ́lẹ̀, wọ́n á ti wo ohun tí kálukú ní, wọ́n á wá pín wọn sí ẹgbẹ́ 193 tí wọ́n ń pè ní centuria, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìbò kan. Àwọn ẹlẹ́ṣin ní 18, àwọn olówó tó tẹ̀ lé wọn ní 80, ẹ rò ó pọ̀, 98 nìyẹn, ẹni tó bá sì ti rí 97 ti wọlé! Àwọn tí ò ní nǹkan kan rárá, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó yẹn, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo wọn sí, àwọn ló sì ń dìbò kẹ́yìn. Tí iye bá ti pé lókè, wọ́n á dá ìbò dúró, mẹ̀kúnnù tó ti wà lórí ìdúró látàárọ̀ á padà sílé láì di nǹkan kan. Ìrẹ́jẹ gbáà ni. Nígbà tó yá wọ́n dín 80 yẹn kù sí 70, ó wá di dandan kí àwọn tó tẹ̀ lé wọn náà dá sí i.

Ìṣòro míì ni pé ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ẹni tí wọ́n dìbò fún, akọ̀wé á máa sàmì sí i, baba ìsàlẹ̀ tó ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ sì lè wà nítòsí tó ń gbọ́, ta ló fẹ́ ṣẹ̀ ẹ́? Lọ́dún 139 ṣáájú ìbí Kristi ni òfin tuntun jáde pé kí wọ́n máa kọ ọ́ sórí pátákó kékeré tí wọ́n fi ìda bò. Ní 119, Gaius Marius, olóṣèlú kan, tún ní kí wọ́n sọ afárá tí olùdìbò ń gbà kọjá lọ dìbò di tóóró, káwọn kan má bàa dúró síbẹ̀ máa yọjú wo ohun tó kọ. Cicero, olóṣèlú àti òǹkọ̀wé ará Róòmù, ò fẹ́ràn ẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òfin pátákó yẹn gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá. Ohun tí wọ́n sì ṣe é fún gan-an nìyẹn.

Lọ́dún 14 lẹ́yìn ìbí Kristi, nígbà tí Késárì Tiberius gorí oyè, wọ́n kó yíyan àwọn olóyè fún Sẹ́nétì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá. Tacitus, òpìtàn Róòmù, sọ pé àwọn aráàlú kàn kùn díẹ̀ ni.