Ìlà ara ìjàpá, ilà ọwọ́ ènìyàn

Òjò ti fẹ́ káṣẹ̀ ńlẹ̀ lọ́dún tó kọjá nígbà tí mo bá ọmọkùnrin kan pàdé létí títì, lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán. Ìjàpá ló gbé dání, ó ń nà án sí gbogbo ọkọ̀ tó bá dẹ eré. Mo dúró.

"Ẹ kú ìrìn, sà. Ẹ rà á, sà. Àgbà ìjàpá ni, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún."

Mo ní ta ló sọ fún un. Ó ní ṣé n kò rí bí ara rẹ̀ ṣe rí ni.

Mo lóṣòó, mo da omi inú ike sí i lẹ́yìn, mo fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò. Igbá rẹ̀ kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Lórí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan tó so pọ̀ di igbá náà ni ìlà wà, ọ̀kan ká èkejì mọ́, bí ìgbà tí èèyàn sọ òkò sómi. Àwọn kan gbà pé ìlà kan, ọdún kan ni. Mo ka mọ́kànlá. Mo tún un kà, ó di mẹ́tàlá. Ọmọ náà ka mẹ́sàn-án. Àárín ìpẹ́ ti dán kalẹ̀. Ìlà yòówù tó bá ti wà níbẹ̀ rí, ilẹ̀ àti òkúta ti ha á dànù.

Àwa Yorùbá kò fìgbà kan ka ìlà yẹn sí ọdún. Nínú àlọ́ tiwa, Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo ló já bọ́ látòkè, igbá rẹ̀ fọ́, wọ́n sì tò ó pọ̀. Ojú àpá lásán ni. Bó bá di ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ìṣẹ̀lẹ̀ la fi ń kà á. Àwọn ìyá wa àgbà a máa ní ọdún lúkúlúkú ni wọ́n bí àwọn, ìyẹn 1918, tàbí pé wọ́n ti bí àwọn kí rélùwéè tó dé. Ní 1908 ni rélùwéè dé Ìlọrin. Ọba tó wà lórí oyè náà, kàlẹ́ńdà ni.

Irú ìṣirò yìí ni wọ́n fi ka ọdún Àlàgbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí kò jìnnà sí wa ní Ìlọrin rárá. Nígbà tó kú ní oṣù kẹwàá 2019, ààfin ní ó ti pé ọdún 344, àti pé Ṣọ̀ún Ìsàn Òkúmọyèdé, tó jọba láàárín 1770 sí 1797, ló mú un wá sílé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bó bá jẹ́ 344 lóòótọ́, 1675 ló jáde nínú ẹyin, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fojú kan ààfin. Ta ló ń bá a ka ti inú igbó? Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko kò gbà á wọlé. Èmi ò bá ààfin jà o. Jonathan, ìjàpá erékùṣù Saint Helena tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí, àfojúbù náà ni 1832 tí wọ́n fún un: ohun tó dájú ni pé ó ti dàgbà tán nígbà tí wọ́n gbé e dé erékùṣù náà ní 1882.

Kíka ìlà, iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Louis Agassiz, ọmọ Switzerland tó di olùkọ́ ní Harvard, kó ìjàpá omi jọ láti orí ọmọ títí dé àgbà, ó tò wọ́n, ó wo ìlà wọn, ó sì gbé e jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1857. Ọgbọ́n ibẹ̀ kò le. Bí òtútù bá dé, ìjàpá á sùn, kò ní jẹ, igbá rẹ̀ kò ní fẹ̀. Bí ooru bá padà, á tún máa fẹ̀. Ibi tó ti dúró ló ń di ìlà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí i nínú igi tí a gé. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà á bẹ́ẹ̀ láìdán an wò.

Ìjàpá tó tú àṣírí rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní box turtle, tó wà nínú igbó ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Igbá àyà rẹ̀ ní híńjì bíi ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀rù bá bà á, á pa ara rẹ̀ dé bí àpótí. Ti ìjàpá igbó tiwa, lẹ́yìn ni híńjì wà, lápá ìrù. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà ṣe é lójú mi: ó sún igbá sílẹ̀ bo itan, ó fa orí wọlé, ó ń mí ṣìì.

John Treadwell Nichols, onímọ̀ ẹja ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní New York, ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú box turtle lórí ilẹ̀ ìdílé ìyàwó rẹ̀ ní Mastic, ní Long Island. (Ọkọ tó lọ sílé àna tó lọ ń ṣa ìjàpá kiri! Ẹ wo ohun tí àwọn àna á máa sọ.) Ó ń kọ JN sí igbá wọn, ó ń fi nọ́ńbà sí i, á kọ ọ́ sínú ìwé, á tú u sílẹ̀. Bó bá tún rí i lẹ́yìn ọdún mélòó kan, á wò ó bóyá ìlà tó pọ̀ sí i bá iye ọdún tó kọjá mu. Lára ọmọdé, ó ń bá a mu. Bí ìjàpá bá ti ń súnmọ́ ogún ọdún, ìdàgbà rẹ̀ á falẹ̀, ìlà tuntun á tín-ín-rín títí ojú ò fi ní rí i, ti àtijọ́ á sì máa pa rẹ́. Ẹni tó bá ka ogún ìlà lára ìjàpá, ohun tó mọ̀ kò ju pé ó ti lé lógún.

Nichols kú ní 1958. Ní 2002, wọ́n rí ìjàpá kan lórí ilẹ̀ yẹn kan náà, láàyè, tí JN21-21 wà lára rẹ̀. 1921 ni ó ti kọ ọ́. Ọdún 81 nìyẹn tí kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Èyí tó ti lò kó tó bọ́ sọ́wọ́ Nichols ni àfojúbù.

Fred Cagle, onímọ̀ nípa ẹranko ní Amẹ́ríkà, ló wá sọ sísàmì sí igbá di iṣẹ́ ọwọ́ tí gbogbo èèyàn lè kọ́. Ní 1939, nínú Copeia, ìwé àtìgbàdégbà tí Nichols fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1913, ó ṣàlàyé bí a ṣe lè fi irin ya etí igbá: ìpẹ́ etí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ibi tí a bá ya ló ń sọ ẹni tí ìjàpá náà jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Ilà kíkọ kọ́ nìyẹn? Gọ̀mbọ́, àbàjà, pélé, kí a lè dá ọmọ ẹni mọ̀ bó bá sọ nù lójú ogun. Ìlọrin tí mò ń gbé, ìlọ irin ló sọ ọ́ lórúkọ, òkúta tí wọ́n ń lọ irin lé lórí ṣì wà ní Ìdí-Àpẹ. Irin ni wọ́n ń lọ níbẹ̀; ti Cagle, irin ló ń lọ igbá.

Láìsí ilà yẹn, a kì bá tí mọ̀ pé box turtle ń tán lọ. Lucille Stickel àti ọkọ rẹ̀ William, àwọn onímọ̀ nípa ẹranko igbó, sàmì sí box turtle inú igbó kan tó tó nǹkan bí éékà 29 ní Patuxent, ní Maryland, ní nǹkan bí 1945. Wọ́n ń padà lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, àwọn mìíràn sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Igbó náà wà lábẹ́ ààbò ìjọba, síbẹ̀ iye ìjàpá inú rẹ̀ já wálẹ̀ gidigidi; omíyalé 1972 wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Ẹyin díẹ̀ ni box turtle ń yé, ó sì ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Abo kan tí mọ́tò tẹ̀ pa lónìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni igbó fi ń wá arọ́pò rẹ̀. Wọ́n tún ń kó wọn lọ Yúróòpù fún àwọn tó ń sìn wọ́n nílé, títí di 1995 tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, sọ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ.

Ní tiwa, kò sí yìnyín tó máa dá ìlà. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dá ìjàpá dúró, òjò sì lè dáwọ́ dúró láàárín, kó tún bẹ̀rẹ̀; ó lè fi ìlà méjì sílẹ̀ lọ́dún kan. Iná tí wọ́n ń dá sígbó nígbà ọyẹ́ ń bá wọn nílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ò yá. Lẹ́kulẹ́ja ń rà wọ́n fún oògùn. Bẹ́ ẹ bá bi àgbà ọdẹ kan, á ní wọ́n pọ̀ ju báyìí lọ nígbà tòun wà lọ́mọdé, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n pọ̀ tó mélòó?

Mo fún ọmọ náà lówó. Mo ní kó fi ibi tó ti rí i hàn mí, àti ibi tí ìjàpá kọjú sí. Ó nawọ́ sí òdìkejì títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan. A gbé e kọjá, a yí i dójú dé, mo ya igbá àyà rẹ̀ ní fọ́tò, torí àwọ̀ ibẹ̀ kì í bá ti ẹlòmíràn mu. Lẹ́yìn náà a dá a padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yọ orí.

Ọmọ náà ń wo fóònù mi bí mo ṣe ń tẹ ọjọ́ àti ibi tí a wà sí abẹ́ fọ́tò náà. Ó ní, "Sà, ẹ fi orúkọ mi náà sí i." Mo fi sí i.