Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn i5

Àlòkù láti Yúróòpù pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ń tà ní Àjàṣẹ́. Bọ́tìnnì wọn a máa wà ní ètò Faransé, A ní ipò Q, ìlẹ̀mọ́ kékeré kan a sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: i3, i5 tàbí i7. Ìlẹ̀mọ́ yìí ni òǹtajà kọ́kọ́ ń nàka sí. Kò sọ ọjọ́ orí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà (processeur) fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ló ń sọ ọ́.

Ẹ wo i7-3520M. 3 tó ṣíwájú fi hàn pé ìran kẹta ni, ti ọdún 2012. Ìran kẹjọ ni i3-8130U, ti ọdún 2018. Core méjì-méjì ni wọ́n ní. Core ni òṣìṣẹ́ inú ọpọlọ, bí ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ. Ṣùgbọ́n wáàtì 35 ni Intel, ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, kọ sí ti àgbà, ó kọ 15 sí ti àbúrò. Nílé tí iná ti ń lọ, tí bátìrì sì ti gbó, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Orí fídíò ni ọ̀rọ̀ ti wá le jù. Dídì ni YouTube ń di fídíò kó tó fi ránṣẹ́, VP9 sì ni ọ̀kan nínú ọ̀nà tó ń gbà dì í. Ọpọlọ ìran kẹjọ ní apá kan tó wà fún títú irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìran kẹta kò ní in, àwọn core ló ń forí ara wọn tú u. Fáànù á máa hó, fídíò á máa dúró, àwọn ará ilé á sì máa bú íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ooru bá pọ̀ jù, ọpọlọ á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Lásìkò ọyẹ́ ní Kétu àti Ṣábẹ, eruku ń dí ojú fáànù, kọ̀ǹpútà tó ń sáré tẹ́lẹ̀ á di ìgbín. Irú èyí, gbígbọn eruku ló ń fẹ́, kì í ṣe ọpọlọ tuntun.

Ìran kẹjọ yìí náà ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ti Intel, àyàfi díẹ̀. Microsoft sì ti dá ìrànwọ́ ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Tuntun inú páálí náà lè tanni. Celeron N4020, ọpọlọ Intel mìíràn, kì í jẹ iná, wáàtì 6 péré, ṣùgbọ́n bí ojú ewé mẹ́wàá bá ṣí lẹ́ẹ̀kan, ó ti ń mí gúlegúle. Fún lẹ́tà, WhatsApp àti iṣẹ́ ilé-ìwé ọmọ, i3 tàbí i5 ìran kẹjọ sókè tó, Ryzen 3 3250U ti ilé-iṣẹ́ AMD náà tó. Owó i7 yẹn, kí wọ́n fi ra mémoire vive 8 Go (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) àti SSD (ibi ìpamọ́ tó yára).

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ tẹ apá ọ̀tún máòsì lórí àmì Windows, ẹ yan «Système», kí ẹ ka ìlà «Processeur». Ìlẹ̀mọ́ ṣeé bó lára ọ̀kan lẹ̀ mọ́ òmíràn.