Ẹ̀tọ́ olùjẹ́jọ́ àti ẹ̀tọ́ níní ìbọn lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà

Ibì kan náà ni ẹ̀tọ́ olùjẹ́jọ́ àti ẹ̀tọ́ níní ìbọn ti ṣẹ̀ wá ní Amẹ́ríkà: àtúnṣe 10 àkọ́kọ́ sí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1791. Àtúnṣe Kejì ló sọ̀rọ̀ ìbọn. Àtúnṣe Karùn-ún ní wọn kò gbọdọ̀ fipá mú ènìyàn jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀. Àtúnṣe Kẹfà ní kí ẹjọ́ má falẹ̀, kí ó wáyé ní gbangba, kí olùjẹ́jọ́ ní agbẹjọ́rò, kí òun àti ẹlẹ́rìí tó ń ta kò ó sì fojú kojú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí àtúnṣe yìí ń dènà gan-an nìyẹn.

Ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò ni òpó tí ìyókù fara tì. Ní 1961, wọ́n fẹ̀sùn kan Clarence Earl Gideon ní Panama City, ìpínlẹ̀ Florida, pé ó fọ́ ilé tayò kan láti jalè. Kò lówó lọ́wọ́. Ó ní kí ilé-ẹjọ́ bá òun wá agbẹjọ́rò, adájọ́ ní ẹjọ́ tó la ikú lọ nìkan ni òfin ìpínlẹ̀ náà fàyè irú rẹ̀ gbà. Gideon fẹnu ara rẹ̀ rojọ́, ó sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Inú ẹ̀wọ̀n ló wà tó fi mú pẹ́ńsù, tó kọ ẹ̀bẹ̀ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ lórí bébà onílà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 1963, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fohùn ṣọ̀kan pé ìjọba gbọ́dọ̀ yan agbẹjọ́rò fún olùjẹ́jọ́ tí kò lówó. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ ní oṣù Kẹjọ, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú agbẹjọ́rò, wọ́n sì dá a sílẹ̀.

Ẹ̀tọ́ ìbọn pẹ́ kí ó tó rídìí jókòó. Ọdún 2008 ni ilé-ẹjọ́ náà tó sọ ọ́ gbangba, nínú ẹjọ́ Heller, pé ẹnìkọ̀ọ̀kan lè ní ìbọn nínú ilé láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ìdájọ́ yẹn kan náà fi kún un pé òun kò fọwọ́ kan òfin tó gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀daràn. Ní 2010, ilé-ẹjọ́ náà ní ẹ̀tọ́ ìbọn yìí de gbogbo ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀tọ́ méjèèjì ti pàdé rí lọ́nà tó yani lẹ́nu. Òfin 1934 ní kí ẹni tó ní irú àwọn ìbọn kan, bíi èyí tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kúrú, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí kò bófin mu, tó wá lọ forúkọ sílẹ̀, ti jẹ́wọ́ ọ̀ràn ní ẹnu ara rẹ̀! Nínú ẹjọ́ Haynes ní 1968, ilé-ẹjọ́ ní Àtúnṣe Karùn-ún dáàbò bo olùjẹ́jọ́ náà. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn aṣòfin tún òfin náà ṣe.

Lónìí, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ lè ju ẹ̀wọ̀n ọdún 1 lọ kò gbọdọ̀ ní ìbọn mọ́, bí kò tilẹ̀ lo ọjọ́ kan lẹ́wọ̀n. Jìbìtì wà lára rẹ̀. Ẹni tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ra ìbọn tuntun, ṣùgbọ́n òfin yìí kò gba èyí tó ti wà nílé rẹ̀. Ní 2024, nínú ẹjọ́ Rahimi, adájọ́ 8 nínú 9 gbà pé ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti rí pé ó lè ṣe ẹlòmíràn léṣe ṣeé gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kódà kí wọ́n tó dá a lẹ́bi ọ̀ràn kankan. Clarence Thomas nìkan ló takú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ gan-an. Ẹni tó fi físà ọmọ ilé-ìwé tàbí ti àbẹ̀wò wọlé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn, àyàfi àwọn díẹ̀ bíi ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Oní gíríìn káàdì lè ní in, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a lẹ́bi ẹ̀sùn ìbọn, wọ́n lè lé e kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ olùjẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà ló sì ń gbà pé àwọn jẹ̀bi láìjẹ́ kí ẹjọ́ dé iwájú júrì (àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi), kí ìyà lè fúyẹ́. Láti ìgbà ẹjọ́ Padilla ní 2010, ó di dandan kí agbẹjọ́rò kìlọ̀ fún àjèjì pé “mo jẹ̀bi” tó fẹ́ sọ yẹn lè lé e kúrò nílùú, kí ó tó sọ ọ́.