Ẹni tó ń gbowó ojúmọ́, tí wọ́n ń bi lówó ọdún

Inú náílọ́ọ̀nù dúdú ni obìnrin náà kó ìwé rẹ̀ sí. Ó dà á sórí tábìlì mi: ríṣíìtì owó ilé mẹ́ta, ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya sí méjì, àgríméǹtì tí omi ti ta sí, àti ojú ewé kan tí wọ́n fà ya nínú ìwé ọmọ iléèwé. Orí ewé yìí ni láńlọ́ọ̀dù rẹ̀ kọ ọ́ sí pé kó kó jáde láàárín ọjọ́ méje. Ó sì ti kó jáde. Ọ̀sẹ̀ kẹta rè é tó ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Muṣin, òun àti ọmọ méjì. Àwọn ọmọ ń sùn lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, òun wà nílẹ̀.

"Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣì lè rí owó kọ́ọ̀ṣọ̀n mi gbà?"

N ò tíì dá a lóhùn lórí owó yẹn, èyí tí láńlọ́ọ̀dù gbà pamọ́ nítorí ohun tó lè bàjẹ́ nínú ilé. Ewé tó lé e jáde yẹn ni mò ń wò. Kò lágbára ju bébà tí ẹlẹ́pà fi ń pọ́n ẹ̀pà lọ. Ọdọọdún ló ń san owó ilé, àgríméǹtì wọn kò sì sọ ohunkóhun nípa iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún ara wọn. Oṣù mẹ́fà ni òfin fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ká ní ó jókòó sínú yàrá rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ.

Ẹjọ́ ilé ni mo ń ṣe jù ní Èkó. Bí mo bá ti ní "aláìnílé", abẹ́ bíríìjì Òṣòdì ni ọkàn èèyàn máa ń lọ, wọ́n á rò pé ọ̀lẹ tàbí ẹni tórí rẹ̀ dàrú ni mò ń sọ. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan ń wa dánfó, inú ọkọ̀ náà ló ń sùn. Ọ̀kan ń ṣọ́ ilé alájà mẹ́ta ní Lẹ́kí, yàrá ẹnu géètì ni gbogbo aṣọ rẹ̀ wà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ilé bọ́ nìyẹn. Òmíràn wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, a sì mọ̀ pé ọjọ́ tí ìyàwó ọ̀rẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ gbàgà-gbàgà, ó ti tó kéèyàn máa wá ibòmíràn.

Bí a ṣe ń gba owó ilé ni mo rí pé ó ń lé wọn síta. Ẹni tó ń rówó lójúmọ́, tàbí lóṣù, la ní kó kó owó odidi ọdún wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ náírà 70,000. Bí ẹni tó ń gbà á kò bá jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò ra oògùn ibà, náírà 840,000 ni yóò kó jọ lọ́dún. Ká wá sọ pé yàrá kan àti pálọ̀ jẹ́ 800,000. Ajẹ́ntì á gba ìdá kan nínú mẹ́wàá fún kọmíṣàn, wọ́n á gba ìdá kan nínú mẹ́wàá fún àgríméǹtì, wọ́n á tún ní kó mú 100,000 wá fún kọ́ọ̀ṣọ̀n. Ó di 1,060,000, kò tíì ra ẹní. Mo ṣàánú nínú ìṣirò yẹn o. Àwọn ajẹ́ntì tí mo mọ̀ kì í ṣàánú tó bẹ́ẹ̀.

Olówó kì í mọ èyí lára. Ilé iṣẹ́ ń bá a san, tàbí báńkì yá a. Tálákà ló ń ra gàrí ní kọ́ńgò, tí iye tó san lọ́dún ju ti ẹni tó ra àpò lọ. Òun náà ló ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ méruwà. Bí ilé bá wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun mìíràn á tẹ̀ lé e: mo ti rí ọ̀dọ́kùnrin tí ilé-ẹjọ́ fún ní béèlì, tó ṣì wà látìmọ́lé nítorí pé onídùúró rẹ̀ kò ní àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n lè lọ yẹ̀ wò.

Òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, gbìyànjú. Ó ní kí láńlọ́ọ̀dù má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kó má sì gba ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbébẹ̀ tó ń san lóṣooṣù. Ìtanràn 100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló fi dè é. Ibi tó ti bàjẹ́ lójú tèmi rè é: ẹni tó san án jẹ̀bi bíi ẹni tó gbà á. Ta ni yóò wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin lọ sílé-ẹjọ́? Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba ọdún méjì, tí wọ́n ń kọ ríṣíìtì sí méjì. Òfin náà sì yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n á ní olówó ló ń gbébẹ̀, olówó ní lọ́yà tirẹ̀. Ta ló wá ń gbé bọ́ìsì-kọ́tà ẹ̀yìn ilé wọn?

Láńlọ́ọ̀dù nìkan kọ́ ló ń lé èèyàn, ìjọba náà ń lé wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1990, lásìkò Raji Rasaki tó jẹ́ gómìnà ológun, katapílà wọ Màrókò, àdúgbò tálákà kan ní Èkó. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló di ẹni tí kò nílé. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń pe yàrá lórí ilẹ̀ yẹn lónìí. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù Kẹrin ọdún 2017, ó kan àwọn Ègùn apẹja ní Otodo Gbame, àdúgbò etí omi kan ní Èkó, nǹkan bí 30,000 èèyàn. Iná jó, katapílà sì parí ìyókù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó ní lílé wọn bẹ́ẹ̀ tako òfin orílẹ̀-èdè. Ìdájọ́ tó dára ni, àmọ́ kò gbé páànù kankan padà sórí òpó. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un. Ilé apẹja tó jó, ẹwà ẹlòmíràn ló bù kún.

Ó dáa, bí wọ́n bá fún ẹ níwèé pé kó o jáde ńkọ́? Kọ́kọ́ wo bó o ṣe ń sanwó. Bó bá jẹ́ lóṣooṣù, oṣù kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹ. Bó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù mẹ́ta. Ọdọọdún, oṣù mẹ́fà, àfi bí àgríméǹtì yín bá sọ nǹkan mìíràn. Bí ìyẹn bá pé, ìwé ọjọ́ méje ṣì ń bọ̀, tó ń sọ fún ẹ pé láńlọ́ọ̀dù fẹ́ lọ sílé-ẹjọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n rí "ọjọ́ méje", wọ́n rò pé ọjọ́ tí àwọn máa kó jáde ni, wọ́n di ẹrù. Lẹ́yìn ìwé yẹn ni ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bélífù, ìyẹn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́, tó mú àṣẹ adájọ́ lọ́wọ́ nìkan ló lè kó ẹ jáde. Láńlọ́ọ̀dù tó bá ṣí páànù lé ẹ lórí, tàbí tó lé ẹ jáde tipátipá, òun ló rú òfin.

N ò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé onílé láìsanwó o. Ẹni tó ń san lóṣù tó jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, òfin ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ kò ní pẹ́ lórí ẹjọ́ rẹ̀. Bí owó ò bá pé, tètè lọ bá láńlọ́ọ̀dù kó tó di pé gbèsè ga, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá jọ sọ sílẹ̀. Bó bá ní kó o fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọmọ òun, tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀. Bí kò bá sí owó lọ́yà, Citizens' Mediation Centre, níbi tí ìjọba ti ń bá èèyàn parí ìjà láìlọ sílé-ẹjọ́, àti Office of the Public Defender, àwọn lọ́yà ìjọba fún ẹni tí kò lówó, wà ní Èkó, wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Mediation Centre náà ni mo rán obìnrin aránṣọ yẹn lọ. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sínú yàrá rẹ̀, yàrá yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù jẹ́ ìpè, ó wá, kò jiyàn pé owó kọ́ọ̀ṣọ̀n náà wà lọ́wọ́ òun. Ó kàn bẹ̀ wá pé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á ni òun lára, kí a jẹ́ kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.